Ṣé kí n fi sọ́fítíwíà tuntun sínú modulator òtẹ́ẹ̀lì wa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú tẹlifíṣàn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Utako, Abuja níbí, yàrá 46 ni. Modulator mẹ́rin (ẹ̀rọ tó ń rán àwòrán láti ara dikódà lọ sí àwọn yàrá) ló wà nínú ráàkì wa, dikódà mẹ́rin ló wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, DVB-T (irú tẹlifíṣàn dígítà orí òpó) ni gbogbo wọn. Ẹni tó tà wọ́n fún wa ti fi sọ́fítíwíà tuntun ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní ó ti ní LCN, TOT, statmux, low latency, HEVC, NIT tó ń tún ara rẹ̀ kọ, àti páàsíwọ́ọ̀dù tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aago tẹlifíṣàn wa kì í tọ̀nà. Àwọn àlejò náà ń ráhùn pé ìkànnì tó wà ní 3 nínú yàrá kan, 11 ló wà nínú yàrá kejì. Ṣùgbọ́n mánéjà ní ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, kí n má fọwọ́ kàn án. Ó tún ní tí n bá máa ṣe é, kí n sọ iye àkókò tí yóò gbà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà ẹnu àlejò. Ọ̀rọ̀ mánéjà rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo mọ ilé tí wọn kò fọwọ́ kan modulator wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, tí àwòrán sì ń jáde geere títí dòní. Tìrẹ ni kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ: aago ń purọ́, ìkànnì kò dúró sójú kan. Sọ́fítíwíà tuntun yẹn ló sì ní oògùn méjèèjì: LCN fún nọ́ńbà ìkànnì, TOT fún aago. Nítorí náà, fi sí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn kí o tó tẹ bọ́tìnnì kankan: iṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́rin tó wà nínú ráàkì kò tó nǹkan, ara tẹlifíṣàn 46 tó wà lókè ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, orí àtẹ̀gùn ni ilẹ̀ ọjọ́ náà máa mọ́ ọn sí.

Tẹlifíṣàn inú yàrá kò mọ̀ pé inú òtẹ́ẹ̀lì lòun wà. Lójú tirẹ̀, òpó ńlá kan ló wà lórí òkè níbì kan tó ń bá a sọ̀rọ̀. Modulator ló ń ṣe bí òpó yẹn. Ó ń gba àwòrán lára dikódà láti ẹnu HDMI, á fún un pọ̀ kó lè kéré, á gbé e ka orí frequency kan, ká ní 474 MHz tí í ṣe ìkànnì 21 nínú UHF, á sì dà á sínú wáyà tó gun òkè lọ. Pẹ̀lú àwòrán yẹn, ó tún ń rán àwọn ìwé pélébé kan jáde léraléra, tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan ń jẹ́ SDT, òun ló gbé orúkọ ìkànnì. Òmíràn ń jẹ́ NIT, òun ló ń sọ gbogbo frequency tó wà nínú ilé àti nọ́ńbà tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́. Nígbà tí o bá ní kí tẹlifíṣàn wá ìkànnì, àwọn ìwé wọ̀nyí ló ń kà, ó sì ń da ohun tó rí kọ sórí. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó ti kọ sórí ló ń tẹ̀lé, àfi tí nǹkan kan bá sọ fún un pé ìwé ti yí padà.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló fi ń dá ìkànnì kọ̀ọ̀kan mọ̀: ONID, TSID àti SID. Mú ONID bí àdúgbò, TSID bí agboolé, SID bí yàrá. Tí àdúgbò, agboolé àti yàrá bá papọ̀ bára mu, ẹnì kan náà ni. Ibí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Modulator tuntun láti ilé iṣẹ́, TSID 1 ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gbé wá, ONID 1, SID náà á bẹ̀rẹ̀ láti 1. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lo ní, kò sí ìjà. Tí o bá ní mẹ́rin tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní agboolé 1 ní àdúgbò 1, tẹlifíṣàn á rí èkejì, á ní "Mo ti rí ẹni yìí tẹ́lẹ̀," á sì kọ ọ́ bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Kaduna ni, òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta, modulator mẹ́fà. Mo fi sọ́fítíwíà tuntun sínú gbogbo wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì rò pé mo ti parí iṣẹ́. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo jókòó mo ń jẹ másà. Ọmọkùnrin tó ń tún yàrá ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Oga, babu." Kí ni babu? Ó ní ìkànnì babu, kò sí. Mo gòkè. Tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ tí mo tàn, ó kọ "No Signal" gàdàgbà. Mo ní kó wá ìkànnì, ìkànnì mẹ́rin péré ló rí nínú 24. Mo wọ yàrá kejì, tẹlifíṣàn ibẹ̀ ti ilé iṣẹ́ mìíràn ni: ó rí gbogbo 24, ṣùgbọ́n tí o bá tẹ ìròyìn, bọ́ọ̀lù ló ń jáde. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ amplifier (ẹ̀rọ tó ń gbé agbára inú wáyà sókè) wò, mo pààrọ̀ splitter tó ń pín wáyà, tí kò ṣẹ̀ mí. Ó tó nǹkan bí aago 11 alẹ́ kó tó sọ sí mi lórí pé sọ́fítíwíà tuntun ti dá gbogbo nọ́ńbà padà sí 1. Mo kọ TSID wọn ní 1 títí dé 6, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkànnì láti yàrá kan sí èkejì lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn tó ti sùn nínú àlejò ni a fi sílẹ̀ di àárọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, n kò ya fọ́tò ojú ewé kankan kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ṣáájú ohun gbogbo, ṣí ojú ewé ìṣàkóso modulator kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, kí o sì fi fóònù ya gbogbo rẹ̀: frequency, ONID, TSID, SID, orúkọ ìkànnì, ìpele agbára tó ń jáde, àdírẹ́sì IP, gbogbo rẹ̀ pátá. Lóòótọ́, bọ́tìnnì wà tó ń gbé ètò náà pamọ́ sínú fáìlì kan. Lò ó, ṣùgbọ́n má gbára lé e nìkan. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí sọ́fítíwíà tuntun kọ̀ láti ka fáìlì tí ti àtijọ́ kọ. Fọ́tò kì í kọ̀.

Wàyí o, jẹ́ ká mú àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò ní dúró pẹ́ lórí gbogbo wọn.

LCN, nọ́ńbà tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí rìmóòtù, ni ìwọ nílò jù. Láìsí LCN, tẹlifíṣàn á to ìkànnì bó ṣe wù ú. Ọ̀kan á fi frequency tò ó, òmíràn á fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ, òmíràn á tò ó bó ṣe ń bá wọn pàdé. Ìyẹn ló fà á tí 3 fi di 11 nínú yàrá kejì. Pẹ̀lú LCN, ìwọ ni yóò kọ ọ́ sí modulator pé ìkànnì báyìí ni 1, èyí ni 2, tẹlifíṣàn yóò sì gbà. Tàbí kí n sọ pé ó yẹ kó gbà. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

DVB kò fi LCN sínú ìlànà tirẹ̀ gan-an. Orílẹ̀-èdè àti ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ló fi kún un, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Lójú ewé modulator, wàá rí ohun kan tí wọ́n pè ní private data specifier, tàbí kí wọ́n kàn fi orúkọ kọ ọ́. EACEM tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, 0x00000028 ni àmì rẹ̀. NorDig ti àwọn ilẹ̀ àríwá Yúróòpù, 0x00000029. Ti Gẹ̀ẹ́sì, 0x0000233A. Tẹlifíṣàn á wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n yàn nínú menu rẹ̀, á wá fetí sí àmì ti orílẹ̀-èdè yẹn nìkan. Tó bá gbọ́ àmì mìíràn, bíi pé o kò sọ nǹkan kan ni. O mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa níbí: òtẹ́ẹ̀lì kan á ra tẹlifíṣàn tuntun 30, á fi tòkunbọ̀ láti London kún un nígbà tí owó tán. Àwọn tuntun á wà lórí Nàìjíríà tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ẹni tó gbé e kọ́ ògiri kàn tẹ̀ kó lè yára parí, tòkunbọ̀ á wà lórí UK. O lè fi LCN sí i dáadáa kí ìdajì ilé má sì gbọ́.

Ohun tí èmi máa ń ṣe: mo máa ń mú tẹlifíṣàn kan nínú irú kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ilé, màá fi gbogbo wọn sórí orílẹ̀-èdè kan náà, màá sì yí àmì modulator títí gbogbo wọn á fi gbọ́. EACEM máa ń bá ọ̀pọ̀ mu. Tòkunbọ̀ UK mìíràn ò ní gbà láti kúrò lórí UK láé. Ìyẹn, fi ọwọ́ to ìkànnì rẹ̀, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Rí i dájú pé kò sí ìkànnì méjì tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, nítorí tẹlifíṣàn á sọ ọ̀kan nínú wọn sí ìsàlẹ̀ àtòkọ lọ́hùn-ún, àlejò kò sì ní rí i.

NIT tó ń tún ara rẹ̀ kọ, ìyẹn ló ń mú kí LCN dùn ún lò. Tẹ́lẹ̀, modulator kọ̀ọ̀kan kò mọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Nísinsìnyí, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa kéde gbogbo frequency mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí o bá yí nǹkan padà, wọ́n á fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà àtúnkọ ìwé náà, tẹlifíṣàn tó gbọ́n á sì rí i pé ìwé ti yí padà, á lọ kà á fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa á sí ipò dúródè. Láti 0 dé 31 ni nọ́ńbà yẹn ń kà, á tún padà sí 0. Má gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Àwọn tẹlifíṣàn kan kì í wo nọ́ńbà yẹn rárá, àwọn yàrá tí wọ́n sì ń fi káàdì tan iná rẹ̀ kì í ní ipò dúródè: àlejò á fa káàdì rẹ̀ jáde, iná á lọ pátápátá.

Aago ńkọ́? Mo fẹ́ràn èyí, nítorí kékeré ni, ó sì ń bí gbogbo ènìyàn nínú. Lọ sí yàrá kan lẹ́yìn tí iná ti lọ tó sì ti dé. Tí aago tẹlifíṣàn bá fi 1 January 1970 hàn, modulator rẹ kò ní bátìrì tí ń tọ́jú àkókò, ọjọ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tí kò bá rí ẹni tó máa sọ àkókò fún un. Tí ọjọ́ bá tọ̀nà tí wákàtí kan sì dín, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ìwé TDT tí modulator ń rán jáde, àkókò UTC, aago àgbáyé, ló ń gbé, aago tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Àwa kì í yí aago bí àwọn Òyìnbó. TOT ni ìwé tó ń sọ pé "fi wákàtí kan kún un fún Nàìjíríà". Sọ́fítíwíà rẹ àtijọ́ kò ní TOT, ìyẹn ni aago ṣe ń purọ́. Nínú sọ́fítíwíà tuntun, kọ NGA síbi orílẹ̀-èdè, +1:00 síbi ìyàtọ̀, kí o sì fún un ní àdírẹ́sì NTP (ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè àkókò) tó lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín bá ń ṣe ségesège, ọ̀pọ̀ ráútà lè ṣe NTP fúnra wọn, tọ́ka modulator sí ráútà. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní Idu lọ sí Kaduna, aago tẹlifíṣàn yín ló máa wò bó bá ta jí. Wákàtí kan kì í ṣe eré fún un.

Statmux, ìyẹn pípín àyè bí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ṣe nílò rẹ̀. Bí o ṣe ń lo modulator báyìí, ó ṣeé ṣe kí o ti pín àyè dọ́gba fún dikódà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí DVB-T oní 8 MHz pẹ̀lú 64QAM (bí a ṣe ń di dátà sórí frequency), tí FEC (ìpín tó ń tún àṣìṣe ṣe) bá jẹ́ 7/8 tí guard interval (ìdánudúró díẹ̀ nítorí ìró tó ń padà) sì jẹ́ 1/32, gbogbo àyè tó wà kò ju 31.67 Mb/s lọ. Pín in sí mẹ́rin, ó kéré díẹ̀ sí 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé olùka-ìròyìn tó jókòó sójú kan, tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì, ń gba ìpín kan náà pẹ̀lú ìdíje bọ́ọ̀lù tí gbogbo pápá ń sáré. Ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ kì í pín oúnjẹ báyẹn. Statmux á wo ẹni tí ebi ń pa, á bu fún un, á sì gba padà nígbà tó bá yó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn lórí koríko pápá: tẹ́lẹ̀, bí kámẹ́rà bá ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, koríko á di àpòpọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gún, lẹ́yìn rẹ̀, wàá rí ìlà funfun. Tàn án. Ní ti FEC, èmi kì í lo 7/8, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí 3/4, tó jẹ́ 27.14 Mb/s. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń fara da wáyà burúkú, wáyà burúkú sì pọ̀ lára ilé wa. Guard interval ni kí o fi sílẹ̀ ní 1/32. Àwọn òpó ńlá ló nílò èyí tó gùn, nítorí ohùn wọn ń kọ lu òkè àti ilé gogoro, á sì padà wá pẹ́. Nínú wáyà ilé, ìró tó ń padà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Low latency, fi sílẹ̀. Wọ́n ṣe é nítorí pé fífún àwòrán pọ̀ ń mú kó pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bí modulator yóò ṣe yára ni pé kò ní dúró wo àwòrán iwájú kó tó fún èyí tó wà lọ́wọ́ pọ̀, ojú àwòrán sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti ń wá: báà ìsàlẹ̀ ní dikódà tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á kígbe "góòòlù!" kí àlejò tó wà lókè tó rí i. Fa wáyà modulator lọ sí báà. Gbogbo ilé á kígbe pọ̀.

HEVC, ọ̀nà tuntun láti fún àwòrán pọ̀, má tàn án. Àyè tó máa gbà kéré gan-an sí ti H.264 tó ṣáájú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn DVB-T àtijọ́ kò lè kà á, dúdú ni wọ́n á fi hàn ọ́. Nígbà tí o bá wà lójú ewé yẹn, wo ohùn náà. Tí sọ́fítíwíà tuntun bá ti yí ohùn sí AAC tàbí AC-3, àwọn tẹlifíṣàn kan á máa ya odi. Dá a padà sí MPEG Layer 2, kí o sì rí i pé PCM (ohùn tí wọn kò fún pọ̀) ni dikódà kọ̀ọ̀kan ń rán jáde, kì í ṣe Dolby.

Ẹnì kan á tún bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ kò lo DVB-T2, tó jẹ́ pé òun ni ìjọba yàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣàn dígítà, ní Jos ní 30 April 2016 àti ní Abuja níbí ní 22 December ọdún kan náà. Ìdáhùn ni pé sọ́fítíwíà kì í sọ modulator T di T2, ẹ̀rọ mìíràn ni. Tí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú, T2 lè kó tó nǹkan bí 50 Mb/s sórí 8 MHz kan náà, ó dára. Ohun tó kàn ọ́ lónìí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé UHF Abuja kò ṣófo. Àwọn tó ń ta tẹlifíṣàn orí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, tí ẹnu wáyà kan bá sì tú nínú ilé yín, ohùn wọn á wọlé bá tìrẹ. Tí sọ́fítíwíà bá ti gbé frequency rẹ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, dá a padà síbi tí o yà sínú fọ́tò.

Páàsíwọ́ọ̀dù: ó máa fi dandan mú ọ yí "admin" padà. Inú mi dùn sí i. Mo ti jókòó nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan rí, bí àlejò lásán, mo so fóònù mọ́ WiFi ilé, mo tẹ àdírẹ́sì kan, ojú ewé modulator wọn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè pa tẹlifíṣàn gbogbo ilé láti orí ibùsùn. Yọ modulator kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò. Kọ páàsíwọ́ọ̀dù tuntun sínú ìwé, fún mánéjà kó fi sínú dúrọ́ọ̀. Tí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kí ẹni tó ń bọ̀ má fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá ohun gbogbo padà sí 1.

Ohun kékeré kan: tí ẹnu HDMI kan bá dúdú lẹ́yìn sọ́fítíwíà tuntun, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún HDCP, ìdè tí dikódà fi sórí àwòrán. Má lọ ra àpótí dúdú kankan tó ń tú ìdè yẹn ní ọjà Banex. Ẹ bá ilé iṣẹ́ tó ni dikódà sọ̀rọ̀ nípa ètò òtẹ́ẹ̀lì. Owó dikódà tí ẹnì kan ń san fún pálọ̀ ilé rẹ̀ kì í ṣe owó yàrá 46 lọ́nàkọnà.

Ó kù bí wàá ṣe ṣe é. Mú ọjọ́ Àìkú, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò yín tó wá ṣe iṣẹ́ ìjọba á ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì, àwọn ti ọ̀sẹ̀ tuntun kò sì tíì dé. Gbé modulator àti kọ̀ǹpútà sórí UPS. Má gbára lé pé iná wà, má sì gbára lé jẹnẹrétọ̀: láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí iná fi ń yí láti AEDC sí jẹnẹrétọ̀, modulator tó ń kọ sọ́fítíwíà lọ́wọ́ lè kú pátápátá. Àwọn modulator tó dára ní àyè méjì fún sọ́fítíwíà nínú, tí ọ̀kan bá bàjẹ́ wọ́n á fi èkejì dìde. Olówó pọ́ọ́kú kò ní. Fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, má lo WiFi. Fáìlì tó gba orí WhatsApp wá, ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sọ iye MB rẹ̀ gan-an fún ọ, tó bá ní MD5 (nọ́ńbà tó ń fi hàn pé fáìlì kò bàjẹ́), kí o fi wé e.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, èyí tó gbé àwọn ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Lẹ́yìn tó bá dìde, fọ́tò rẹ dà? Dá ONID, TSID, SID àti frequency padà. Wo agbára tó ń jáde pẹ̀lú. Tí sọ́fítíwíà bá ti gbé e sí ìpele tó ga jù, amplifier á máa gba agbára ju èyí tó lè gbé lọ, àwòrán á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, wàá sì rò pé agbára ló kéré, wàá tún gbé e sókè sí i. Mítà ni kí o fi wò ó lẹ́nu ihò ògiri: láàárín 50 sí 70 dBµV ni mo máa ń fẹ́. Yàrá tó jìnnà jù ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n, torí wáyà RG6 tó gùn tó mítà 100 máa ń jẹ nǹkan bí 20 dB ní itòsí 800 MHz. Lẹ́yìn náà ni kí o wo tẹlifíṣàn tó dàgbà jù nínú ilé àti èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Tí àwọn méjèèjì bá gbọ́ LCN, tí aago wọn sì tọ̀nà, fi modulator mẹ́ta tó kù sí i.

Ní ti àkókò tí mánéjà ń béèrè, má sọ "ìṣẹ́jú mẹ́wàá" fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí ẹ̀rọ kan ń gbà nìyẹn. Yàrá 46, ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà láti kan ilẹ̀kùn, tan tẹlifíṣàn, yan orílẹ̀-èdè, wá ìkànnì, kí o sì wo aago: ìṣẹ́jú 276 nìyẹn, ó lé ní wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ méjì, ó kéré díẹ̀ sí wákàtí méjì ààbọ̀. Tí àwọn tẹlifíṣàn yín bá ní hotel mode tó ń da ètò kọ sórí USB, ṣe ẹyọ kan dáadáa, da á kọ, kí o sì máa fi í sínú àwọn yòókù tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an. Yàrá kan kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kọ ọ́ sórí ìwé fún un báyìí. Kí o sì ra bátìrì rìmóòtù dání kí o tó gòkè, ó kéré tán méjìlá, torí ìdajì rìmóòtù tí wàá bá nínú yàrá kò ní ṣiṣẹ́.